Òwú Dúdú Naomi àti Ọkọ̀ Tó Kú ní Dogarawa

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí Naomi Ọmọ́lẹ́yẹ, télọ̀ ni mo pè é. Ó jókòó sórí àpótí kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hayin Dogo, ní Zaria, ó fi eyín di òpin òwú dúdú kan mú, ó tẹrí ba, ó ń wé òwú náà mọ́ nǹkan tín-ín-rín kan tí mi ò rí dáadáa. Mo kí i, mo sì bèèrè ibi tí réwáyà tí wọ́n júwe fún mi wà, nítorí iná iwájú ọkọ̀ mi ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yín." Nígbà náà ni mo tó rí i pé wáyà ọkọ̀ ni ó ń fi òwú wé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan tó kú lójú ọ̀nà, àti ohun tí obìnrin yìí ṣe sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ fún mi. Ìyókù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn.

Samaru ni wọ́n bí Naomi sí. Ilẹ̀ Yàgbà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ìyá rẹ̀ sì ń ránṣọ. Hausa ni ó fi ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níta, Yorùbá ni wọ́n fi ń bá a wí nílé. Nígbà tí ó parí ilé ìwé girama, ó ní iṣẹ́ réwáyà ni òun fẹ́ kọ́. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló fọhùn ní ọjọ́ kẹta. Ó ní, "Bí o bá fẹ́ fi ọwọ́ kan iná, fi ọwọ́ tó mọ́ kàn án," ó sì mú rílì òwú dúdú kan nínú àpótí ìránṣọ rẹ̀, ó fún un.

Láti ìgbà náà, kò sí ìso wáyà tí Naomi kì í fi òwú wé kí ó tó lẹ téèpù mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ó máa ń wé e, kì í lé, kì í dín. Ó ní bí oòrùn Zaria bá pa téèpù, á tú, ṣùgbọ́n òwú kì í tú. Ó tún ní ìwé kan tí ó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí: ọkọ̀ wo ni, wáyà wo ni òun fọwọ́ kàn, kí ni òun sọ fún ẹni tó ni ín, kí sì ni ẹni náà fèsì. Àwọn ọkùnrin réwáyà tó wà nísàlẹ̀ òpópónà a máa fi òwú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Màmá Télọ̀, ẹ ò ní bá wa rán ẹ́ńjìnnì yìí?" Òun náà á ní, "Ẹ gbé e wá. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́ ná."

Lára àwọn tó gba iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ni Alhaji Ayọ̀délé. Ọmọ Ìlọrin ni Alhaji, ṣùgbọ́n láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ ní Sabon Gari. Ó ní bọ́ọ̀sì kékeré mẹ́ta tó ń ná Kano àti Kaduna. Nígbà tí olè fẹ́ jí ọ̀kan gbé lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Naomi kí ó wá fi tírákà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tírákà yìí kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì lọ. Wọ́n máa ń fi síìmù sínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi síìmù sínú fóònù, wọ́n á sì fi í pamọ́ sẹ́yìn páńẹ́ẹ̀lì iwájú ọkọ̀. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i, yóò dáhùn, yóò sọ ibi tí ọkọ̀ wà. Bí ó bá fi òmíràn ránṣẹ́, yóò gé epo mọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Bí olè bá gbé ọkọ̀ lọ, ẹni tó ni ín lè jókòó sórí ẹní nílé rẹ̀ kí ó pa á.

Nígbà tí Naomi parí iṣẹ́ náà, ó ní, "Alhaji, nọ́ńbà àṣírí kan wà tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta títí dé mẹ́fà ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká pa á dà."

"Haba, Naomi. Nọ́ńbà fóònù ìyàwó mi gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n sórí. Ìgbà tí olè bá ti gbé ọkọ̀ lọ ni màá wá máa wá ìwé tí mo kọ nọ́ńbà sí? Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé: Alhaji kọ̀. Mo gbà.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Jánúárì, nígbà tí ọyẹ́ mú tí eruku sì bo ojú ọ̀run. Wahab ló wa bọ́ọ̀sì náà. Ó ti wakọ̀ fún ọdún méjìlélógún, kò sì tíì fi ọkọ̀ kan ohunkóhun rí, àfi ewúrẹ́ kan ní Kudan, èyí tí ó ṣì ń tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀. Ó kó èrò mẹ́jọ bọ̀ láti Kano. Nígbà tí ó dé Dogarawa, tó kù díẹ̀ kó wọ Zaria, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kú lẹ́nu ìrìn. Sìtíárìn le gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, bíréèkì kò sì gbọ́ tó bí ó ṣe yẹ. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ níwájú. Wahab fi gbogbo agbára rẹ̀ fa sìtíárìn sọ́tùn-ún, wọ́n sì kó sínú gọ́tà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Purity fi apá dá. Àwọn yòókù fi ara bó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni Alhaji dé ibẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì kan. Mẹkáníìkì náà wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì ta lójú ẹsẹ̀. Ó yọrí síta, ó wo Wahab.

"Èyí tó kú ló ń kọrin yìí?"

Ohun tó ba Wahab jẹ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún fẹ́ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Alhaji sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé oorun ni ó sùn. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé gáréèjì.

"Wahab, ọkọ̀ ló kú àbí ìwọ lo sùn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Obed wí, awakọ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró. "Àwọn ọmọ Yahoo ló bá a wa ọkọ̀ láti Lekki. Mo kà á lórí WhatsApp. Wọ́n á jókòó sídìí fóònù, wọ́n á máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága gáréèjì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ Wahab, bí kò bá sì ní ohun gidi kan láti sọ, wọn yóò gba káàdì rẹ̀. Awakọ̀ tí wọ́n bá gba káàdì rẹ̀ báyẹn kò tún ní kó èrò ní gáréèjì kankan ní Zaria.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Sarat, ìyàwó Wahab, wá sí Hayin Dogo. Kò jókòó lórí àga tí Naomi fà fún un, ó fi orúkọ ọmọ Naomi pè é.

"Ìyá Ẹ̀rí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ iná ọkọ̀ yẹn. Láti àná, kò jẹ, kò mu, ẹyọ gbólóhùn kan ló ń tẹnu mọ́: ó kú, mi ò sùn. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí irọ́ ló bá ń pa, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí màá bẹ Ọlọ́run fún."

Naomi fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Ó bá Wahab nílé, ó dojú kọ ògiri.

"Bọ̀dá Wahab, ẹ má sọ fún mi pé ẹ ò sùn. Ẹ sọ bí ọkọ̀ ṣe kú."

Wahab yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. "Ó fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Ó wá dákẹ́."

"Iná ńkọ́?"

"Iná wà. Mo ń fun fèrè títí a fi wọ gọ́tà. Rédíò gan-an ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní agogo kan ààbọ̀ ti lù ni."

Naomi dìde. Bí bátìrì ló bá já, fèrè kì bá tí dún. Bí iná bá wà, tí ẹ́ńjìnnì sì kú, ó ní láti jẹ́ pé epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àgbàlá Alhaji ní Sabon Gari ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ. Alhaji kò sí nílé, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ mọ Naomi, ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó tú páńẹ́ẹ̀lì iwájú, ó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Òwú dúdú rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, bí ó ṣe wé e ní ọjọ́ tí ó so ó. Kò tú, kò jóná, kò gbò. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn fún ìwọ̀nba àkókò tí èèyàn fi lè mí lẹ́ẹ̀kan. Ó wá rò ó pé bí iṣẹ́ òun kò bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ló ṣe.

Ó ta ẹ́ńjìnnì, ó tan rédíò. Ó yọ fóònù tirẹ̀, kì í ṣe ti Alhaji, ó wo nọ́ńbà síìmù ọkọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà pẹ̀lú ọ̀kan títí dé mẹ́fà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ení, èjì, títí dé mọ́kànlá. Ọkọ̀ náà fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Rédíò ń kọrin lọ.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kejì ránṣẹ́, ó tún ọkọ̀ náà ṣí, ó sì dá páńẹ́ẹ̀lì padà.

Joseph, ọkọ rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo nígbà tí ó délé. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin.

"Ta ló lè pa ọkọ̀ yẹn báyẹn, yàtọ̀ sí ìwọ?"

"Alhaji. Àti ẹnikẹ́ni tó bá rí nọ́ńbà síìmù náà."

"Ẹni tó jókòó sí Amẹ́ríkà?"

"Kò dé Amẹ́ríkà, Bàbá Ẹ̀rí. Ẹni tó jókòó sí Hayin Dogo níbí ti tó."

Joseph ju òkúta kan nù. "Bí o bá sọ ọ́, ọwọ́ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ rí o. Alhaji á kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀hún á fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára."

"Bí o ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Ẹrù tí mo dì ni Wahab ń rù yẹn." Ó wọ́ àwo ẹ̀wà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣa á. Òkúta lẹ fẹ́ ká sè?"

Nígbà tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú, Naomi kò lọ sílé. Ó gba ilé Alhaji lọ, ó kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ rẹ̀.

"Sannu, ọmọ mi. Dìde. Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ pé Wahab fẹ́ pa èèyàn fún mi?"

"Wọ́n sọ fún mi, sà. Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ní ọjọ́ Jímọ̀, ní nǹkan bí agogo kan ààbọ̀, ǹjẹ́ ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ̀ kankan?"

Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan."

Ó wá ṣàlàyé, pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn ẹni tó rí ọgbọ́n dá. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ti máa ń fi ẹsẹ̀ kan wọ mọ́sálásí, wọ́n á fi èkejì sá lọ kó èrò kí ìmáàmù tó parí wáàsí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, nítorí ó gbà pé Ọlọ́run yóò bi òun léèrè ìrun àwọn tó ń jẹun lábẹ́ òun. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ti dúró ní agogo méjìlá ọjọ́ Jímọ̀. Bí òun bá sì ti débi àlùwàlá, òun á fi fóònù pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá kírun tán, òun á tún wọn ṣí.

"Wọn ò mọ̀," ni ó wí. "Ìrun wọn ni mo ń bá wọn ṣọ́."

"Èyí tó bá wà lórí ìrìn ńkọ́, Alhaji?"

"Èyí tó wà lórí ìrìn kò ní gbọ́. Olè tó bá dúró ni a fẹ́ mú. Àbí?"

Naomi mi orí. Ẹ̀rín náà ń kúrò lójú Alhaji díẹ̀díẹ̀.

"Wahab yóò ti dúró ní agogo méjìlá," ni ó wí.

"Ó sọ fún mi pé táyà òun bẹ́ ní ìta Kano, sà. Ó pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀."

Alhaji mú fóònù rẹ̀, ó wò ó. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti dáhùn pé àwọn gbọ́. Mẹ́ta mìíràn wà nísàlẹ̀ wọn, agogo méjì kọjá, tí ó fi tún wọn ṣí. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì sì ta. Alhaji gbé fóònù náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀.

"Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiyín nìkan," ni Naomi wí. "Èmi ni mo so ó síbi tí ó ti lè pa ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí a fi ń ta ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí n so ó sí: ọkọ̀ tó bá ń lọ á máa lọ, ó di ìgbà tí ó bá dúró kí ó tó kọ̀ láti tún ta. Mi ò ronú débẹ̀. Mo sì fi nọ́ńbà àṣírí yẹn sílẹ̀ nígbà tí mo mọ̀ pé kò dára. Lánàá, mo fi fóònù tèmi pa ọkọ̀ yín nínú àgbàlá yín."

"Ìwọ pa á? Ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni..."

"Ẹnikẹ́ni, sà."

Alhaji wá bèèrè pé, "Agogo mélòó ni wọ́n ní àwọn ń jókòó lọ́la?"

Ní ọjọ́ Ajé, Alhaji ló kọ́kọ́ dé gáréèjì, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀sì náà tẹ̀ lé e. Kò jẹ́ kí alága bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó dìde, ó sọ ohun tí ó ṣe, ó sì yíjú sí awakọ̀ rẹ̀. "Wahab, mo pè ọ́ ní olóorun lójú ọjà. Èmi ni mo sùn."

Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ kò gbà. Wọ́n ní Alhaji fẹ́ fi àánú bo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Obed ní, "Fóònù á ṣe pa ọkọ̀ tó ń sáré?"

Naomi ní kí wọ́n jọ lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gọ́tà. Wahab nìkan ló wọ inú bọ́ọ̀sì náà, ó sì ń wà á lọ pẹ̀sẹ̀ yí pápá ká. Naomi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó sì na fóònù sí Obed.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá Obed. Kí wọ́n má bàa ní èmi àti Wahab ti jọ sọ ọ́."

Obed wo ojú àwọn èèyàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà ṣì ń lọ. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Wọ́n rí Wahab tí ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ sìtíárìn, tí ọrùn rẹ̀ le, tí fèrè ń dún, títí ọkọ̀ fi dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ gba fóònù yín," ni Obed wí. Ó nà án bí ẹni tó mú ẹyin iná lọ́wọ́.

Alága kò gba káàdì ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Alhaji tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀, Wahab dá a dúró. Ó ní, "Ó ti tó, Alhaji. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí Jímọ̀." Láti ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ lọ kí Purity.

Alhaji kò kó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Naomi tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta so. Ó pa nọ́ńbà àṣírí wọn dà, ó sì ṣe é kí wọ́n má gbọ́ ti fóònù mìíràn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé rẹ̀, ó rí ọkọ̀ mọ́kànlá mìíràn tí òun ti so ní irú ọ̀nà kan náà. Ó wá wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní Basawa, ní Dogarawa, títí dé Kudan, ó sọ fún olúkúlùkù pé òun ṣe àṣìṣe, ó sì tún un ṣe. Ọkùnrin kan ní Basawa ní, "Ta ni yóò fi fóònù wá ọkọ̀ àlòkù mi yìí kiri?" Naomi ní òun kò mọ̀, òun kò sì fẹ́ dúró kí òun tó mọ̀.

Àwọn èèyàn wá ń bi í ní ìbéèrè tí ó ju tírákà lọ. Wọ́n ń bi í bóyá òótọ́ ni pé èèyàn lè jókòó sọ́nà jíjìn, kí ó ti àwọn ọkọ̀ ayé òde òní tí wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì nínú bọ gọ́tà. Ó lè fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gbéraga bí ó bá fẹ́. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí ẹnì kan bi í. Ó ní, "Ohunkóhun tó bá ní etí, ẹlòmíràn lè bá a sọ̀rọ̀. Ti àwọn ọkọ̀ yẹn, mo gbọ́ pé àwọn tó ṣe wọ́n fi ìlẹ̀kùn púpọ̀ sí i. Mi ò tíì tú ọ̀kan rí, mi ò sì lè sọ ohun tí ojú mi ò rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ bi wọ́n pé ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àwọn ìlẹ̀kùn náà." Ó sì tún tẹrí ba sídìí wáyà rẹ̀.

Naomi Ọmọ́lẹ́yẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà ní Hayin Dogo. Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ó ń ṣí, láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé.